Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Jẹ́ Kí Èrò Mọ Ìgbà Tí Bọ́ọ̀sì Máa Dé: Ìlànà Fún Ẹni Tó Fẹ́ Dá Okòwò Náà Sílẹ̀

Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú 18 kí bọ́ọ̀sì òun tó dé lè lọ jókòó síbi tí oòrùn ò ti ní pa á, ó lè sáré ra ohun tó fẹ́ rà, ó sì lè pinnu pé òun á kúkú fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí kò mọ̀, ìdúró ló máa dúró, á máa na ọrùn wo ọ̀nà, ìṣẹ́jú 5 á sì dà bíi 15 lára rẹ̀. Okòwò tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ń wá ojútùú sí ìyẹn: fóònù kan wà nínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ dé fún sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tó ń gba gbogbo ìròyìn náà jọ), sẹ́fà ń ṣírò iye ìṣẹ́jú tó kù, èrò á sì rí i lójú fóònù tiwọn.

Ó rọrùn létí ju bó ṣe rí lọ́wọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ tó dáwọ́ lé e máa ń kó owó sórí ẹwà áàpù, nígbà tí fóònù inú ọkọ̀ ń kú lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Nítorí náà, inú ọkọ̀ àti ìṣirò ni a máa pẹ́ sí jù.

Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń tẹ̀ léra láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Bí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá ní gbogbo ìṣẹ́jú 3, kò sẹ́ni tó máa yọ fóònù wò ó. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń kọjá, èrò ibẹ̀ ò pọ̀ tó láti gbé okòwò dúró. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ojú ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ náà wà láàárín 8 sí 15, kí ọ̀nà náà má sì gùn ju 20 kìlómítà lọ.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ "gbogbo ọkọ̀" rèé. Ká ní ọkọ̀ 10 ló ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà náà, tó sì jẹ́ pé 3 péré lẹ fi fóònù sí. Èrò á ṣí fóònù, á rí i pé bọ́ọ̀sì ku ìṣẹ́jú 25, á yí padà lọ sílé, ọkọ̀ tí kò ní fóònù á sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 2. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣí i mọ́ láéláé. Ọkọ̀ 10 tó pé lójú ọ̀nà kan wúlò ju 100 tó fọ́n káàkiri ìlú lọ.

Ẹ ya ojú ọ̀nà náà sínú fáìlì

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú áàpù tó ń gba ipa ọ̀nà sílẹ̀ ní fáìlì GPX, kó máa gba ibi tẹ́ ẹ wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é ní àlọ, ẹ ṣe é ní àbọ̀, torí ibùdókọ̀ òdìkejì títì kì í dọ́gba, ọ̀nà oníhà kan sì máa ń mú kí àbọ̀ gba ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún apá kọ̀ọ̀kan ló dáa: àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ọ̀nà tí awakọ̀ ń gbà lọ́sàn-án lè máà jẹ́ èyí tó ń gbà nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró síbi tí èrò ń dúró sí gan-an, kì í ṣe ìdí pátákó. Ẹ fún fóònù ní ogún ìṣẹ́jú àáyá kí GPS rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fi àmì sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ latitude àti longitude sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka ibì kan lórí ilẹ̀ ayé. Nọ́ńbà 5 lẹ́yìn ojú àmì ló tó: ìyẹn ń sọ ibì kan dé bíi mítà 1. Bó bá jẹ́ 3 lẹ kọ, àṣìṣe rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún mítà, ibùdókọ̀ á sì bọ́ sí òpópónà mìíràn. Orúkọ tí èrò ń pè é lẹ máa kọ, kódà bí orúkọ tó wà lára pátákó bá yàtọ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé fi ń to irú nǹkan báyìí ni GTFS. Ní 2005 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí TriMet, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, àti Google jọ ṣe é. Fáìlì lásán ni, irú èyí tẹ́ ẹ lè fi ohun èlò tábìlì kọ̀ǹpútà ṣe: agency.txt fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, stops.txt fún ibùdókọ̀, routes.txt fún ojú ọ̀nà, trips.txt fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, stop_times.txt fún àkókò tí ọkọ̀ ń dé ibùdókọ̀, calendar.txt fún ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́, àti shapes.txt fún ìlà ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ni ìṣirò máa gùn lé.

Ọkọ̀ tí kò ní àkókò pàtó, tó jẹ́ pé bó bá ti kún ló ń gbéra, ẹ lo frequencies.txt fún un. Ẹ máa kọ aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì, bíi 600 fún ìṣẹ́jú 10. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò dènà iṣẹ́ yìí rárá. Ní Nairobi, àwọn olùwádìí àti akẹ́kọ̀ọ́ fi fóònù ya ojú ọ̀nà àwọn matatu, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀, wọ́n tò ó sí GTFS, wọ́n sì gbé máàpù rẹ̀ jáde ní 2014.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ jù níbí. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á pààrọ̀ latitude àti longitude, ibùdókọ̀ á sì lọ bọ́ sínú òkun. Èkejì ni ìrìn tó rékọjá òru: aago kan kọjá ìṣẹ́jú 10 lóru, 25:10:00 la ń kọ ọ́, kì í ṣe 01:10:00, bí ìrìn náà bá ti bẹ̀rẹ̀ kí aago méjìlá òru tó lù. Ẹ fi fáìlì náà sínú ohun èlò àyẹ̀wò tí MobilityData, àjọ tó ń bójú tó GTFS, ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, á tọ́ka sí irú wọn fún yín.

Fóònù inú ọkọ̀

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń fi pe ìyàwó rẹ̀, dátà rẹ̀ ń tán, bó bá sì bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn, fóònù á tẹ̀ lé e. Fóònù Android tí kò gbówó lórí ni kẹ́ ẹ rà, kó jẹ́ irú kan náà fún gbogbo ọkọ̀, kí ètò inú rẹ̀ má baà máa yàtọ̀ síra. Kẹ́ ẹ tó ra síìmù, ẹ gbé síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta rin ojú ọ̀nà náà, kẹ́ ẹ wo èyí tí kì í já. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa ní ọ́fíìsì yín kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kọ́ kọ́kọ́ ni ọ̀ràn. Bó bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, oòrùn tó ń gba gíláàsì wọlé á mú un gbóná débi pé á kọ̀ láti gba iná, bátìrì rẹ̀ á sì wú bó bá pẹ́. Bó bá sì wà nínú àpótí irin, GPS ò ní rí ojú ọ̀run. Ibi tó dáa ni abẹ́ igun gíláàsì iwájú tí òjìji wà, tàbí ẹ̀yìn àga awakọ̀ nítòsí fèrèsé. Àwọn gíláàsì kan wà tí wọ́n fi irin tín-ín-rín bò lójú nítorí oòrùn. Ìyẹn ń dí GPS lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé fóònù síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wo iye mítà tó fi ń ṣàṣìṣe. Níta gbangba, nǹkan bíi mítà 5 ni ti fóònù. Tó bá ju 20 lọ níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ wá ibòmíràn.

Iná: bọ́ọ̀sì ńlá sábà máa ń lo fólítì 24, kékeré ń lo 12. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún 12 nìkan máa jóná nínú bọ́ọ̀sì ńlá, nítorí náà ẹ ra èyí tó ń gba 12 dé 24, tó lè fún fóònù ní ámpíà 2. Ẹ so ó mọ́ wáyà tó ń gba iná nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kó má baà máa fa bátìrì ọkọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì fi fíúùsì sáàárín. Gbígbọ̀n ọkọ̀ ló ń tú wáyà: ẹ fi okùn rọ́bà so ó mọ́ ara ọkọ̀ ní ibi méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti wọnú fóònù. Kí ṣájà náà sì ní ihò méjì. Bó bá jẹ́ ihò kan ló ní, awakọ̀ á yọ wáyà yín láti fi tirẹ̀ sí i, lọ́sàn-án gan-an ni fóònù yín á sì kú. Ẹ fún un ní ihò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn ètò inú fóònù nìyí, ní ìtẹ̀léra:

1. Ẹ fún áàpù náà láyè láti mọ ibi tí fóònù wà ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ìgbà tó bá wà lójú nìkan.
2. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bíi iṣẹ́ iwájú (foreground service), tí àmì rẹ̀ ń hàn lókè fóònù títí. Láti Android 8 tó jáde ní 2017, áàpù tó bá sá sí ẹ̀yìn kì í rí ibi tí fóònù wà ju ìgbà díẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan.
3. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù ń sé mọ́ láti dá bátìrì sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kan tún fi ètò tiwọn kún un, nítorí náà ẹ wá a ní ibi méjì.
4. Ẹ pa ìmúdójúìwọ̀n áàpù yòókù, torí òun ló ń jẹ dátà tán láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀.
5. Ẹ ṣètò kí áàpù máa dá bẹ̀rẹ̀ bí fóònù bá tan.

Bẹ́ ò bá tíì ní ẹni tó máa kọ áàpù, Traccar, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpa ọkọ̀, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ti inú fóònù, ó ní ti sẹ́fà, ó sì tó láti fi dán ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ wò.

Kí fóònù máa jábọ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15 bí ọkọ̀ bá ń rìn, àti ní gbogbo 60 bó bá dúró. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ tó ń rìn fún wákàtí 12 máa jábọ̀ nígbà 2,880. Bí ìjábọ̀ kan bá gba kílóbáìtì 1 pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, kò ju mẹ́gábáìtì 3 lọ lóòjọ́, kò sì tó 90 lóṣù. Bẹ́ ẹ bá ní kó máa jábọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á di 43 lóòjọ́, fóònù á máa gbóná, èrò ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já, ó dájú. Kí fóònù tọ́jú ìjábọ̀ sínú, kó fi ránṣẹ́ pa pọ̀ nígbà tó bá padà. Aago tí GPS gba ibẹ̀ sílẹ̀ ni kó fi ránṣẹ́, kí sẹ́fà sì fi aago yẹn tò ó, kì í ṣe aago tí ìròyìn wọlé. Ibi tí èyí ti bà jẹ́ lẹ ti ń rí bọ́ọ̀sì tó ń fò síwá sẹ́yìn lórí máàpù.

Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé ọ̀gá fẹ́ fi ṣọ́ òun, bí kò bá sì fọkàn balẹ̀, á máa yọ wáyà. Ẹ bá ọ̀gá àti awakọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò ní fi ìròyìn yìí bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fún un níṣẹ́ kún iṣẹ́: kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan kó tó gbéra. Sẹ́fà lè dá mọ̀ ọ́n, torí ọkọ̀ tó bá jáde kúrò ní gáréèjì ìbẹ̀rẹ̀ tó mítà 150, tó sì kọjú sí ọ̀nà, ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tuntun nìyẹn.

Láti ibi tí ọkọ̀ wà dé iye ìṣẹ́jú

Ẹ kọ́kọ́ dà ìdọ̀tí nù. Ìjábọ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ sọ pé àṣìṣe òun ju mítà 50 lọ, ẹ jù ú nù. Èyí tó bá sọ pé bọ́ọ̀sì sáré 150 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìgboro, irọ́ ni. Ilé gíga ló da àmì GPS padà sójú fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìyókù lé ìlà shapes.txt: ibi tó sún mọ́ ọn jù lórí ìlà náà ni ẹ máa mú, bí kò bá jìnnà ju mítà 40 lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni iye mítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó bá gba títì kan náà lẹ́ẹ̀mejì máa ń da ìṣirò rú, nítorí náà, ẹ wá ibi tuntun náà nítòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gbà kí ọkọ̀ padà sẹ́yìn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ.

Ìṣẹ́jú tó kù wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á pín ọ̀nà tó kù pẹ̀lú eré tí ọkọ̀ ń sá báyìí. Kò dáa. Ẹ wo ọkọ̀ kan tó jìnnà sí ibùdókọ̀ ní 3.2 kìlómítà, tó ń sá eré 24 ní wákàtí: ìṣirò yẹn á sọ ìṣẹ́jú 8. Bó bá sì dúró gbé èrò, eré rẹ̀ á di òdo, ìṣirò ò sì ní níyanjú mọ́. Ọ̀nà tó dáa ni láti gé ojú ọ̀nà sí abala láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ 3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lò ní abala kọ̀ọ̀kan. Bí abala 4 bá kù, tí àwọn yẹn, bá a bá pín in dọ́gba, lo 2:10, 1:40, 5:30 àti 2:20, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 40. Abala kẹta yẹn ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, eré ọkọ̀ tí kò tíì débẹ̀ ò lè sọ ọ́ fún yín. Bí ọkọ̀ kankan ò bá tíì kọjá láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ lo iye tí abala náà sábà ń gbà ní wákàtí yẹn, ní irú ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tí ẹ bá fi kó ìròyìn jọ kẹ́ ẹ tó lè gbẹ́kẹ̀ lé iye yẹn.

Bẹ́ ẹ bá sọ pé ó ku 12, tí ọkọ̀ dé ní 9, ọkọ̀ ti fi èrò sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ pé ó ku 9, tó dé ní 12, ìṣẹ́jú 3 péré ló fi dúró. Àkọ́kọ́ burú ju èkejì lọ púpọ̀. Torí náà, ẹ máa gé àáyá dà nù: 7:50 á hàn bíi 7.

Bí ìròyìn ọkọ̀ kan bá ti pé ìṣẹ́jú 2 láìsí tuntun, ẹ sọ fún èrò iye ìṣẹ́jú tó ti gbó. Bó bá kọjá 5, ẹ mú ọkọ̀ náà kúrò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ ò rí i lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má fi àkókò inú tábìlì rọ́pò rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ gidi lẹ rí. Èrò lè fara da "a ò mọ̀", kì í fara da bọ́ọ̀sì tí kò sí.

Kẹ́ ẹ tó ṣí i fún aráyé, ẹ dán ara yín wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tọ́jú gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe nígbà tí ọkọ̀ ku ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ fi wé ìgbà tó dé gan-an. Ẹ fi 80 nínú 100 ṣe àfojúsùn, kí àṣìṣe wọn má ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Tí ẹ ò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ wo abala tó ń bà á jẹ́. Ọ̀kan tàbí méjì ló sábà máa ń jẹ́.

Ohun tí ọlọ́kọ̀ máa sanwó fún

Èrò ò ní sanwó láti mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa dé, kò sì yẹ kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́kọ̀ ló máa san, lóṣooṣù, lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì máa rà ni bí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe ní máa rìn pọ̀ mọ́ra.

Bọ́ọ̀sì tó bá pẹ́ díẹ̀ máa bá èrò púpọ̀ ní ibùdókọ̀, gbígbé wọn á tún mú un pẹ́ sí i. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá èrò díẹ̀, á yára, títí táwọn méjèèjì á fi máa tẹ̀ léra bíi ìbejì. Àwọn olùwádìí méjì, Newell àti Potts, ti fi ìṣirò ṣàlàyé èyí láti 1964. Ohun tó ń ṣe fún èrò rèé: bí ọkọ̀ bá ń dé ní ìṣẹ́jú 10 sí 10 geerege, ẹni tó bá yọ nígbàkígbà máa dúró fún ìṣẹ́jú 5, bá a bá pín in dọ́gba. Bí iye ọkọ̀ kan náà bá ń dé ní ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà 18, lẹ́yìn náà 2, ìdúró yẹn á di 8.2, torí èrò tó pọ̀ jù ló ń bọ́ sínú àlàfo gígùn. Ọlọ́kọ̀ ò ra ọkọ̀ kan kún un, epo tó ń jó ò yàtọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ iwájú kún àkúnya, tẹ̀yìn ṣófo.

Fóònù tó wà nínú ọkọ̀ lè tún un ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà méjì péré han awakọ̀, tó tóbi tó láti rí láìtẹjú mọ́ ọn: ìṣẹ́jú tó wà láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú, àti èyí tó wà láàárín òun àti ti ẹ̀yìn. Ní ibùdókọ̀ 2 tàbí 3 tẹ́ ẹ ti yàn, kí ó sọ fún un bóyá kó dúró. Ẹ má jẹ́ kí ìdúró náà kọjá ìṣẹ́jú 3, torí èrò tó ti jókòó sínú ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, awakọ̀ á sì gbọ́ tiwọn ju ti fóònù lọ. Bí ó bá jẹ́ iye èrò tí awakọ̀ kó ni wọ́n fi ń sanwó fún un, kò ní dúró rárá kí ẹlòmíràn lè kó tirẹ̀. Ẹ yanjú ìyẹn pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ kẹ́ ẹ tó tan apá yìí.

Ojú tí èrò ń rí

Ẹ má fi áàpù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú dátà díẹ̀ ò ní gba mẹ́gábáìtì 40 sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀sì kan. Ẹ lẹ àmì QR mọ́ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ṣí ojú ìwé kan tí kò ju kílóbáìtì 100 lọ: orúkọ ibùdókọ̀, ọkọ̀ 3 tó ń bọ̀, ìṣẹ́jú tó kù. Kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ibi tí èrò wà, torí àmì QR náà ti sọ ibi tó wà. Ẹ kọ nọ́ńbà ibùdókọ̀ sábẹ́ àmì náà, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè ya QR lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kó sì gba èsì. Ẹ gbé àmì náà ga tó ojú ènìyàn, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kẹ́ ẹ sì dán an wò lálẹ́.

Nígbà tí nǹkan bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbé ìròyìn náà jáde ní GTFS Realtime, tó wà láti 2011. Ó ní apá mẹ́ta: ibi tí ọkọ̀ wà, àyípadà nínú àkókò, àti ìkìlọ̀ bíi ọ̀nà tí wọ́n dí. Àwọn áàpù máàpù tí èrò ti ní lórí fóònù lè gbà á láti ibẹ̀. Owó ọkọ̀ gbígbà lórí fóònù, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà yẹn. Aáwọ̀ lórí owó tó yọ tí kò wọlé lè ba orúkọ yín jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe.

Láràárọ̀, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo fóònù tí kò jábọ̀, kó sì pe gáréèjì. Ẹ ní fóònù kan àti ṣájà kan nípamọ́ fún ọkọ̀ 5 kọ̀ọ̀kan, tí ètò rẹ̀ ti pé, kí pípààrọ̀ rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bí 95 nínú 100 ìrìn bá ń jábọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ẹ lè lọ ya ojú ọ̀nà kejì, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó pàdé àkọ́kọ́ níbì kan, kí èrò tó ń pààrọ̀ ọkọ̀ lè jàǹfààní méjèèjì.